Oúnjẹ ọ̀sán lórí ọ̀sà Èkó: Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín mọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ ojú omi

Bí ẹ bá ń gbé l'Ékòó, omi ló yí yín ká. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìpínlẹ̀ náà ló jẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, orí afárá la ti ń wò ó, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí èéfín ọkọ̀ ń wọ imú wa. Ẹlòmíì ti ń gba orí Third Mainland kọjá láti ogún ọdún, kò tíì fọwọ́ kan omi ọ̀sà rí.

Ìdí nìyẹn tí inú àwọn èèyàn fi máa ń dùn sí ìgbafẹ́ kan báyìí: kí èèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án, kó jẹun lórí omi, kó wo ìlú láti ẹ̀gbẹ́ kejì, kó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́kọláya ń lọ, àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ń lọ, ọ̀rẹ́ méjì tí wọn ò rí ara wọn tipẹ́ náà ń lọ. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé: ṣé kò léwu? Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀? Kí lèèyàn máa rí gan-an?

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí mò ń pè ní Ìyá Ìbejì lọ wò ó. Ìgbà méjì la lọ sí èbúté kí a tó jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo lórí omi. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Irú ọkọ̀ wo ló wà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà ṣe é.

Èkíní ni ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tábìlì àti àga wà nínú rẹ̀, òrùlé wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì máa gbé oúnjẹ wá bá yín níbi tí ẹ jókòó sí. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. Èyí ló rọrùn jù fún ẹni tí kò wọkọ̀ ojú omi rí, nítorí ọkọ̀ ńlá kì í mì bíi ti kékeré.

Èkejì ni kí ẹ háyà ọkọ̀ kékeré fún ara yín. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ̀yin lẹ sì máa gbé oúnjẹ dání. Bí ẹ bá pé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí ẹ dá owó jọ, kì í wọ́n yín lára púpọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, ó lè wọ́n o.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù: ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí etíkun bíi Tarkwa Bay, ẹ gbé oúnjẹ yín dání, ẹ jẹ ẹ́ lórí iyanrìn, ẹ wọkọ̀ padà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò dé Tarkwa Bay, ojú omi nìkan lọ̀nà ibẹ̀. Ìrìnàjò náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìgbafẹ́.

Kí lẹ máa rí lójú ọ̀nà?

Bí ọkọ̀ yín bá gbéra ní agbègbè Fálọmọ, inú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Five Cowrie Creek lẹ wà yẹn. Òun ló la Ìkòyí àti Victoria Island láàárín. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa orúkọ yìí ni pé láyé àtijọ́, owó ẹyọ márùn-ún lèèyàn ń san kí ọlọ́kọ̀ tó gbé e sọdá.

Bí awakọ̀ bá kọrí sí ìlà oòrùn, ẹ máa kọjá lábẹ́ afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà kan lọ, okùn irin ńláńlá ló sì gbé e dúró. Lókè, ibi ìsanwó la mọ afárá yìí sí. Lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ máa rí i bí okùn wọ̀nyẹn ṣe tò lọ sókè, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń kọjá lórí yín bí èèrà.

Lẹ́yìn náà ni ojú omi á kàn ṣàdéédéé fẹ̀. Ọ̀sà Èkó gan-an nìyẹn. Gígùn rẹ̀ lé ní àádọ́ta kìlómítà, odò Ògùn sì wà lára àwọn odò tó ń da omi sínú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ máa rí afárá Third Mainland lókèèrè, bó ṣe nà bí okùn aṣọ. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i tán, gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjìlá. Ẹ̀bá afárá yìí ni Mákòko wà, níbi tí àwọn apẹja Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ti ń gbé inú ilé orí òpó lójú omi. Bí ọkọ̀ yín bá sún mọ́ ibẹ̀, ẹ rántí pé ilé onílé nìyẹn. Ẹ má ṣe máa ya ọmọ ọlọ́mọ àti ìyàwó ilé ní fọ́tò láìtọrọ àyè.

Bó bá jẹ́ ìwọ̀ oòrùn lẹ kọrí sí, ẹ máa já sí ojú omi ńlá tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọ̀lú. Ẹ̀gbẹ́ kan ni Màrínà pẹ̀lú àwọn ilé gíga rẹ̀, títí kan NECOM House alájà 32. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni Àpápá, níbi tí kíréènì ti ń gbé kọ̀nténà. Ìgbà tí ọkọ̀ òkun kan bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ tó máa mọ̀ pé ó tóbi. Ìyá Ìbejì wò ó títí, ó ní, “Àṣé inú nǹkan báyìí ni ẹja yìnyín tí mò ń rà ti ń wá!”

Ẹ máa rí ògiri òkúta tó gùn wọ inú òkun níbi tí ọ̀sà àti òkun ti pàdé. Ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú ògiri yìí, kí iyanrìn má baà máa dí ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó sọ Èkó di ìlú èbúté tó jẹ́ lónìí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́: Ìdí tí a ò fi wọ ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé èbúté, a ti sanwó, a ti wọṣọ, a ti ya fọ́tò sílẹ̀. Ìgbà tó kan wíwọ ọkọ̀, wọ́n fún èmi ní láífù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Wọ́n ní èyí tó kù ò kárí, pé kí Ìyá Ìbejì máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dúró. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, mi ò wọ èyí o.”

Ọmọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojú omi tòní tutù. Ojoojúmọ́ la ń rìn ín.”

Ìyá Ìbejì dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, èmi ò sọ pé omi ò tutù. Jákẹ́ẹ̀tì ni mo béèrè.”

Mi ò ní purọ́ fún yín, ojú tì mí. Àwọn èèyàn ti ń wò wá, àwọn kan ti ń pòṣé pé a ń fi àkókò wọn ṣòfò. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó jẹ́ ká máa lọ. Àmọ́ mo mọ̀ pé omi ló gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kan dojú dé, kò sì sí ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Mo bá bọ́ tèmi, mo dá a padà, a sì padà sórí ilẹ̀. Ìdajì owó wa ni wọ́n dá padà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn. A lọ jẹ àmàlà ní bùkà kan nítòsí. Ọkọ̀ yẹn lọ, ó sì dé láyọ̀. Kò sóhun tó ṣe é.

Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn gan-an nìyí. Pé ọkọ̀ náà dé láyọ̀ kò túmọ̀ sí pé a ṣe àṣìṣe. Ọkọ̀ tí kò ní jákẹ́ẹ̀tì kárí máa ń dé láyọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò bá dé ni wọ́n á máa ka òkú. Ìgbádùn orí omi, orí ilẹ̀ lèèyàn ti ń tún un ṣe. Bí ẹ bá ti kúrò ní èbúté, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ohun márùn-ún tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀

1. Jákẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òfin ni, kì í ṣe ojú rere. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú omi, NIWA, àti ti ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, ló sọ ọ́ di dandan. Ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ẹ dè é. Ẹ má fi jókòó, ẹ má sì gbé e sórí itan. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín di èjìká rẹ̀ mú, kó fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù tàbí ẹ ò dè é dáadáa. Jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Èyí tó ti ya, tí fóòmù ń yọ jáde lára rẹ̀, ẹ dá a padà.

2. Iye èrò. Gbogbo ọkọ̀ ló ní iye èèyàn tó lè gbé. Ẹ béèrè, kí ẹ sì kà wọ́n. Bí èrò bá ti pọ̀ jù, ètí ọkọ̀ á sún mọ́ omi, ìgbì kékeré á sì lè bù wọ inú rẹ̀.

3. Awakọ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Bí ọtí bá ń rùn lẹ́nu rẹ̀, ẹ máa lọ ilé yín.

4. Àkókò ìpadà. Òfin kò fàyè gba kí ọkọ̀ elérò máa rìn lójú omi lóru, nítorí igi tó léfòó àti àwókù ọkọ̀ tó rì kì í hàn sí awakọ̀. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fún ìgbafẹ́ wákàtí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

5. Aṣọ yín. Agbádá, ìró ńlá àti gèlè dára lójú fọ́tò, ṣùgbọ́n bí omi bá mu wọ́n, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì máa fa èèyàn sísàlẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó fúyẹ́ àti bàtà tó rọrùn láti bọ́.

Ìgbà wo ló dára jù?

Òwúrọ̀ sí ọ̀sán ló dára. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú òkun wá máa ń lágbára sí i bí ọ̀sán bá ń rọ̀, ìgbì á sì máa pọ̀. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, tí ẹ jẹun láàárín ọ̀sán, tí ẹ padà ní aago méjì tàbí mẹ́ta, kò ní bá púpọ̀ nínú ìyẹn pàdé.

Ní ìgbà òjò, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àjọ NiMet bá sọ nípa ojú ọjọ́. Bí ojú ọ̀run bá ń ṣú bọ̀, kò sí àrà tí ọlọ́kọ̀ lè dá. Àsìkò òjò yìí náà ni ewéko tó dà bí òjúoró máa ń bo ojú omi. Ó lè lọ́ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì lè bo igi mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun oníyọ̀ á wọ inú ọ̀sà, ewéko náà á sì kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn náà ní tirẹ̀: ọyẹ́ lè bo ojú láàárọ̀ débi pé awakọ̀ kò ní ríran jìnnà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní sùúrù kó ká.

Kí lẹ máa jẹ?

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń pèsè oúnjẹ, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò, adìyẹ àti ẹja yíyan lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé oúnjẹ dání, ẹ mú èyí tí kò ní ọbẹ̀ ṣàn-ṣàn. Mọ́ín-mọ́ín dára, ẹja díndín dára, àkàrà dára, èso dára. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá nínú ọkọ̀ tó ń mì, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí: ìrẹsì àti ẹran tí a ti sè, tó wà nínú ooru ju wákàtí méjì lọ, kòkòrò àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí kan ti tó. Ẹ gbé oúnjẹ sínú kúlà tó ní yìnyín, tàbí kí ẹ gbé e gbígbóná nínú abọ́ tí kì í jẹ́ kó tutù. Ẹ mu omi dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ orí omi kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé oòrùn ń pa òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá àti ike tí ẹ bá lò, ẹ gbé e padà sílé. Apẹja tó wà níwájú yín, ibẹ̀ ló ń ju àwọ̀n sí.

Bí òòyì bá ń kọ́ yín ńkọ́?

Ohun tó ń fà á ni pé etí inú yín ń sọ fún ọpọlọ pé ẹ ń mì, ojú yín tó ń wo fóònù sì ń sọ pé ibi kan lẹ jókòó sí. Ẹ̀rí méjì tí kò bára mu ló ń da inú rú. Nítorí náà, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ jókòó sí àárín ọkọ̀ níbi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ mì, ẹ wo ọ̀ọ́kán níbi tí ojú ọ̀run ti kan omi. Ẹ má jẹun yó bámúbámú kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ má sì wọ̀ ọ́ lébi. Atalẹ̀ tútù tí ẹ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ohun tó máa ń dojú ọkọ̀ kékeré dé nígbà míì kì í ṣe ìgbì. Èèyàn ni. Ẹnì kan á rí nǹkan lápá ọ̀tún, á pariwo pé “Ẹ wò ó!”, gbogbo èrò á sì dìde lọ sí apá kan ṣoṣo láti ya fọ́tò. Ìwúwo á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á sì fì tẹ̀lé e. Ẹ wà ní ìjókòó yín.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ dì í mú, kí gbogbo yín wà pa pọ̀, nítorí ó rọrùn láti rí ọkọ̀ ju orí èèyàn kan lọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó ni 767 tàbí 112. Ẹ tọ́jú fóònù yín sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà.

Ọ̀rẹ́ tó ń bẹ̀rù omi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la tún lọ, lọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ mìíràn. Mo ti kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù: jákẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ ní, èrò mélòó lẹ ń gbé, bí òjò bá rọ̀ ṣé ẹ máa dá owó padà? Wọ́n dáhùn láìbínú. Nígbà tí a débẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì wà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbejì wọ tirẹ̀, ó fà á wò, ó tún fa tèmi wò.

Ìlàjì wákàtí àkọ́kọ́, kò sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ló dì mú. Mi ò sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a ṣe kọjá lábẹ́ afárá, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí oúnjẹ dé, òun ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ó jẹ ẹja yẹn títí kan orí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ẹ̀fẹ̀, bó ṣe fẹ́ràn edé. Láti bí ọdún mẹ́wàá tí a ti ń ṣọ̀rẹ́, kò sọ èyí fún mi rí.

Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń bẹ̀rù omi, ẹ má fi tipátipá mú un. Ẹ fi ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀, ẹ yan ìrìnàjò kúkúrú, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ lè padà sílé láìwọkọ̀, tí inú ò sì ní bí yín. Ẹ sì fetí sí i, nítorí ẹni tó ń bẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ rí ohun tí kò tọ́. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹsẹ̀ méjèèjì lèmi ti fẹ́ fi wọn ọ́n.

Aago mẹ́ta ku díẹ̀ la padà sí èbúté. Bí a ṣe ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, Ìyá Ìbejì ní lọ́jọ́ mìíràn, òun máa mú àwọn ìbejì wá. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹni tó ni ọkọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ti ọmọdé?”

Wọ́n ní àwọn ní in. Ó ní kí wọ́n mú un wá kóun wò ó.